Òróró Tí Mo Bù Sínú Bíréèkì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti fi ọ́ sílẹ̀? O kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹsẹ̀ tí o fi jáde ni wàá fi wọlé. Àwa náà wà níbí, a kàn wà náà ni. Ewúrẹ́ ti bí ìbejì, òrùlé ilé ìdáná kò jò mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ewúrẹ́ ni mo ṣe mú bírò. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, nítorí ibi tí o wà jìnnà, mo ní láti pariwo kí ohùn mi tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ, ìyá rẹ á sì gbọ́.

O rántí ọjọ́ tí mo pè ọ́ pé iná pupa kan ń tàn níwájú mi nínú ọkọ̀ àtijọ́ tí o fi sílẹ̀ fún wa? O bẹ̀rẹ̀ sí í da Gẹ̀ẹ́sì bò mí, mo sì bínú, mo ní kí o sọ èdè tí a fi bí ọ. O ní kí n má bínú, o ní òróró bíréèkì ló lọ sílẹ̀, kí n bu òróró sínú ike kékeré tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì títí yóò fi dé ojú àmì. Ọmọ mi, mo bu òróró. Mo lọ sí ilé ìdáná, mo gbé ìgò òróró tí ìyá rẹ fi ń dín ẹyin, èyí tó mọ́ jù, tí kò tíì rí iná rí, mo sì rọra dà á títí ó fi dé ojú àmì. Mo tilẹ̀ fi aṣọ nu etí ike náà. Iná pupa kú lójú ẹsẹ̀, mo sì ń yangàn kiri pé mo bí ọmọ tó gbọ́n.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni dókítà ojú ní kí a gbé ìyá rẹ wá fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti sọ fún wa pé èyí tó bá ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà mọ́, pé èyí tó kù ni àwọn fẹ́ dì mú. Ilẹ̀ mọ́, a gbéra. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tẹ ẹrẹ̀. Mo pariwo pé kó dúró, mo tún bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ sì ń bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Òkìtì yanrìn àwọn tó ń kọ́lé ló gbà wá. Kò sí ẹni tó kú, orúnkún mi nìkan ló wú. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a fi máa rí ọkọ̀ mìíràn dé ọsibítù, dókítà ti lọ, nọ́ọ̀sì sì ní ó di oṣù márùn-ún.

Mo wọ́ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tí a ń pè ní Má-Bẹ̀rù, torí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn kó tó dárúkọ owó. Ó yẹ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, ó ní másítà ti kú. Mo ṣí fìlà, mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mo bi í bóyá ó fi ọmọ sílẹ̀, mo rò pé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Àṣé irin kan ni, òun ló ń ti òróró lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wá ti ìka bọ ike, ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀rín sì tán. Ó ní ta ló da òróró oúnjẹ síbí, pé gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ló ti wú bí ètè tí oyin ta. Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni mo pa, ọmọ mi, pẹ̀lú ewú orí mi.

Ó fọ àwọn páìpù, ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, ó de másítà tuntun mọ́ ọn, ó sì bu òróró ọkọ̀ gan-an sínú ike náà. Ó ní ó ku afẹ́fẹ́ tó wọ inú bíréèkì, àfi kó jáde. Mo yára ṣí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti búùtù. Ó ní ìyẹn kọ́, pé ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó máa tẹ pẹ́dàlì kí òun máa tú nọ́ọ̀tì lábẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó jìnnà jù sí másítà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, mo sì rò ó pé ọkọ̀ gan-an mọ̀ pé ẹni tó jìnnà jù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bójú tó. Orúnkún mi kò gbà. Ìyá rẹ ní òun á tẹ̀ ẹ́, pé ẹsẹ̀ kò nílò ojú. Ó táràrà wọnú ọkọ̀. Má-Bẹ̀rù á ní kí Màmá tẹ̀ ẹ́, á ní kí wọ́n dì í mú, ìyá rẹ á dáhùn pé òun ti dì í mú, òróró á sì máa hó jáde sínú ìgò, títí kò fi hó mọ́.

Ìgbà tó dé ẹsẹ̀ kejì, ìyá rẹ rọra sọ fún mi pé òróró òun ti dín kù láti ọjọ́ tí mo pè ọ́. Ó ní òun gbóòórùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, òun rò pé mo gbé e fún aládùúgbò ni. Kò bú mi. Ì bá tiẹ̀ bú mi. Ó kàn di pẹ́dàlì náà mú.

Ọkọ̀ ti ń dúró báyìí, ó ń dúró dáadáa. Kò kàn sí ibi tí a ń lọ ni. Jọ̀wọ́, bá wa wá dókítà mìíràn níbẹ̀, fi ohun tí ọwọ́ rẹ bá ká ránṣẹ́, kí o sì kọ orúkọ òróró ọkọ̀ náà sínú ìwé fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, kó hàn gàdàgbà. Gẹ̀ẹ́sì tí mo lé, mo ti ní kó máa padà bọ̀.

Ibi tó yẹ kí o dúró, wàá ríbi dúró. Ọwọ́ rẹ kò ní ṣi ìgò mú láéláé.

Má jẹ́ kó pẹ́ kí o tó wá. Tí o bá ń bọ̀, wọ aṣọ funfun, torí àwọ̀ yòókù ti di ọ̀kan náà lójú ìyá rẹ, funfun nìkan ló ṣì ń dá mọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ.