Ẹ̀rọ Tó Ní Mi Ò Lè Dúró

Ọmọbìnrin mi àgbà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run tó gbé ẹ dé ìlú ńlá ò ní jẹ́ kí o rí àgbákò níbẹ̀. Ara wa le nílé, àfi inú tó ń bí mi, ìwọ lo sì fà á, torí ìwọ lo ní kí n lọ bá obìnrin tó ń fọwọ́ tún oríkèé ìbàdí ṣe.

Kí n tó jókòó ni wọ́n ti fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n ya èèyàn kan síbẹ̀ ní ìhòòhò, wọ́n ní kí n máàkì ibi tó ń dùn mí. Mo kọ́kọ́ fi bírò wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò, kí n tó máàkì ìbàdí rẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín.

Ó wá ní kí n dúró lórí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí n dijú, kí n má mira. Ta ní ń dijú dúró? Èmi tí mo ti ń rìn lórí igi òrùlé fún ogójì ọdún! Nígbà tí mo lajú, ó fi ìlà kan hàn mí, wúruwùru bí ibi tí adìẹ ti fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, ó ní bí mo ṣe ń mì nìyẹn. Mo ní irọ́ ni, irin wọn ló wọ́. Mo yọ lẹ́fẹ́lì tí mo fi ń yẹ igi wò nínú àpò iṣẹ́ mi, mo gbé e lé e. Ó dọ́gba. Mo yí i síbùú, ó tún dọ́gba. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

Ó ní kí n dùbúlẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ mi kan sókè, ó ń tẹ egungun ìbàdí mi bí ẹni ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Nígbà tí mo padà sórí irin yẹn, ìlà náà ti kéré díẹ̀. Mo bi í pé ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà. Ó ní òun ò lè búra, pé ó ń bá àwọn kan lára mu, àwọn mìíràn ò sì rí ìyàtọ̀, kí n padà wá lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ náà wò ó! Bí èmi bá kan òrùlé tán, tí mo ní mi ò lè búra pé kò ní jò, ta ni yóò sanwó fún mi?

Ìyá rẹ tó tẹ̀lé mi lọ gbọ́ gbogbo ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ti àkàbà mi mọ́ yàrá, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró rẹ̀, ó ní ẹni tó ń mì nílẹ̀, kí ló ń wá lókè. Bẹ́ẹ̀ òrùlé ilé ìwé ń dúró dè mí. Ọ̀gá ilé ìwé ní bí mi ò bá gùn ún kí oṣù tó parí, òun á pe káfíńtà mìíràn, ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́! Ibo ni mo fẹ́ gbé ojú sí?

Nítorí náà, fi owó ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ránṣẹ́. Kì í ṣe pé ó ṣiṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ bá wọn jà títí wọn á fi kọ ọ́ sínú ìwé fún ìyá rẹ pé mo lè dúró. Bí owó ò bá tó lọ́wọ́ rẹ, fi ìdajì ránṣẹ́, mà á ja ìdajì ìjà.

Ohun kan wà tí o ò gbọ́dọ̀ sọ fún ìyá rẹ. Láàárọ̀ yìí, mo fẹsẹ̀ kan dúró wọ bàtà iṣẹ́ mi, mi ò fọwọ́ ti ògiri. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo bọ́ ọ, mo tún un wọ̀, bóyá irọ́ ni.

Ohun tí o bá náwó lé lórí ò ní bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa.

Èmi ni bàbá rẹ. Orí ìdúró ni mo ti kọ ìwé yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.