Àga Bàbá Ẹgbẹ́

Àbámẹ́ta, 1955.

Níbi tí ẹgbẹ́ wa ti ń ṣánko ọ̀nà odò láàárọ̀ yìí, wọ́n fi mí jẹ Bàbá Ẹgbẹ́. Inú mi ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí Làmídì, alága wa, gba àdá lọ́wọ́ mi, tó gbé àga fún mi lábẹ́ igi.

"Bàbá, ẹ jókòó. Àdúrà ni tiyín báyìí."

"Ìwọ tí ò ń ṣánko bí ẹni ń fárí ọmọ tuntun, ìwọ ló yẹ kí o jókòó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn ò dá àdá padà.

Bí mo bá gbà fún wọn, láìpẹ́ wọn ò ní pè mí mọ́ rárá.

Mo ti lọ gba àdá mi nílé Làmídì, mo sì ti pọ́n ọn. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, orí àga yẹn ni n ó dúró sí, tí n ó fi gé ẹ̀ka tó ń ṣíji bò ó.