Ilé Ìwé Tí Ọmọ Ìfọ́n Wà

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ kí n tó jókòó kọ èyí, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó rí mi. Èmi àti Àbẹ̀ní, ọmọ ọmọ yín, ti dé ìlú òyìnbó. Bàbá rẹ̀ ṣì ń dúró de físà tiẹ̀ nílé. Òtútù ibí ò dáa, ṣùgbọ́n òtútù kọ́ ló ń bí mi nínú. Bọ̀dá Délé ni, àkọ́bí yín. Ẹ má bá mi wí pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ní "ó" o. Ẹ kà á tán ná.

Ilé rẹ̀ la kọ́kọ́ dé sí. Ó gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, ó se ẹ̀wà, ó tan hítà sí yàrá wa. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilé ìwé Àbẹ̀ní fi dé. Ọ̀kan wà ní òdìkejì títì gan-an, láti ojú fèrèsé ni mo ti ń rí àwọn ọmọ tó ń sáré kiri nínú ọgbà. Mo lọ wò ó. Ó mọ́ tónítóní. Tíṣà tó mú wa yípo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó bá Àbẹ̀ní sọ̀rọ̀, bí ẹ̀yin náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì yín ní Ìlobù, tí ẹ ó fi itọ́ ra àtàǹpàkò, tí ẹ ó fi nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lójú ọmọ ọlọ́mọ. Ààyè kan ṣoṣo ló kù fún ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Orin ni mo kọ délé.

Bọ̀dá kọ̀ jálẹ̀. Ó ti mú òmíràn, tí a ó wọ bọ́ọ̀sì méjì ká tó dé. Mo rò pé bóyá ẹ̀kọ́ wọn ò dáa ni, àbí wọ́n ń lu ọmọ. Ìgbà tí mo fúngun mọ́ ọn ló tó tú u sílẹ̀ pé ọmọ Ìfọ́n méjì wà níbẹ̀. Ọmọ Ìfọ́n! Àwọn ọmọdé tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká! Àwọn ará Ìlobù tó wà ládùúgbò yìí ti fẹnu kò pé ọmọ àwọn ò gbọdọ̀ jókòó tì wọ́n. Àwọn ará Ìfọ́n náà ò sàn jù wá lọ, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ wọn wá síbi ọjọ́ ìbí ọmọ tiwa.

Ó rí mi lára, Màámi. Ilẹ̀ wo là ń bára wa jà sí níbí? Nínú gbogbo wa, ta ló ní ibi tó lè gbin ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo sí? Ilé onílé là ń háyà! Wọ́n di ìjà ilẹ̀ Ìlobù àti Ìfọ́n mọ́ ẹrù láti ilé, wọ́n gbé e kọjá lójú àwọn aṣọ́bodè, wọ́n wá ń fi bọ́ ọmọ. Irú ìranù wo nìyẹn?

Lọ́jọ́ tí a sin yín, ìjà náà ti dí ọ̀nà. Kò sẹ́nì kan láti ilé bàbá yín ní Ìfọ́n tó ráàyè wá da erùpẹ̀ sí yín. Mo wo ojú ọ̀nà títí ọrùn fi ń dùn mí. Bọ̀dá rí i nínú fídíò, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ṣé ojú ayé lásán ni ẹkún yẹn?

Ṣebí Ìfọ́n náà lẹ gbé e lọ nígbà tí ẹ fẹ́ já a lẹ́nu ọmú? Ọ̀dọ̀ ìyá yín ló sùn títí ó fi gbàgbé ọyàn, ẹ̀kọ ibẹ̀ ló mu dàgbà. Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín tí ẹ bá ń sọ ọ́, pé nígbà tí ẹ padà lọ mú un, ṣe ló ń sá fún yín. Ṣé ẹ̀kọ Ìfọ́n pa á ni?

Ó wá pàṣẹ pé tí Àbẹ̀ní bá fi lè wọ ilé ìwé yẹn, ká wá ibòmíràn sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́rù. Àwòrán yín ńlá wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ọjọ́ Sunday kọ̀ọ̀kan ló ń fi áńkáṣíìfù nù ún. Mo gun àga, mo yọ yín. Ó fò dìde láti gbà á. Mo bi í bóyá ó mọ ìlú tí wọ́n ti bí ẹni tó wà nínú àwòrán náà. Ó jókòó padà.

Yàrá kan là ń gbé báyìí, lẹ́yìn ilé ìwé náà. Ilé ìwẹ̀ wa, àwa àti àwọn mìíràn la jọ ń lò ó. Àbẹ̀ní ti wọ ilé ìwé náà. Òun àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìfọ́n yẹn ni wọ́n jọ ń jókòó, wọ́n ń fi àlàfo eyín han ara wọn. Òkè ibi tó ń bọ́ bàtà sí ni mo gbé yín kọ́, ó ń kúnlẹ̀ kí yín láràárọ̀.

Bọ̀dá ń pè mí lórí fóònù. Kì í béèrè Àbẹ̀ní, àwòrán ló ń béèrè. Mo ti jẹ́ kó mọ̀ pé lọ́jọ́ tó bá wá dúró lẹ́nu géètì ilé ìwé yẹn, tí àwọn ọmọ Ìfọ́n méjèèjì bá kí i, tó sì dá wọn lóhùn bí àgbà, lọ́jọ́ náà ló máa gbé ìyá rẹ̀ lọ sílé.

Ẹ sinmi dáadáa, Màámi. Àárò yín ń sọ mí.

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.