Ìpè Tí Mo Pe Mummy Nípa Ìgbéyàwó Wa

Peckham, nílùú Òyìnbó, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Èmi àti Ṣadé lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì council, ìjọba ìbílẹ̀ wa, lónìí pé a fẹ́ ṣègbéyàwó. Obìnrin tó dá wa lóhùn béèrè orúkọ àti iṣẹ́ àwọn òbí wa. Mo ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Mummy. Ọdún méjì rèé tí èmi àti Mummy ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Ṣadé ní kí n pè wọ́n. Mo ní rárá. Nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, mo pe Mummy ní Ìbàdàn.

"Mummy, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Èmi àti Ṣadé fẹ́ ṣègbéyàwó."

Wọ́n ní, "Obìnrin méjì, Fúnmi? Ẹ̀wọ̀n ni níbí."

"Òfin gbà á níbí, mà."

"Òfin yín gbà á. Ọkàn tèmi ò tíì gbà á. Èmi ni wọ́n sì máa bi léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò ní bi ìwọ."

Ohun tí mo fẹ́ ò ju kí Mummy bá mi wé gèlè lọ, kí wọ́n máa bá mi jà pé kí n dúró jẹ́ẹ́. Mi ò lè sọ ìyẹn. Mo kàn ní Sátidé tó kẹ́yìn lóṣù tó ń bọ̀ ni.

"Mi ò lè wá o."

"Mo mọ̀, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa pa fóònù ni.

"Aago mélòó ni?"

Mo ní aago méjì ọ̀sán. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá bírò tí wọ́n máa fi kọ ọ́ sílẹ̀.