Faransé Bàbá Mi Dé Kíláàsì

Bàbá mi ẹlẹ́nu Faransé,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu tèmi: wọ́n ti fi mí joyè olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ní Atakpamé. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí Faransé yín ba iṣẹ́ náà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá tó ń yẹ olùkọ́ wò ti Lomé wá, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ọwọ́ rẹ̀ niṣẹ́ mi wà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan là ń kọ́, «learnedly», tí wọ́n ń lò fún ẹni tó ń fi ìmọ̀ tó jinlẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ọ̀mọ̀wé. Mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin kan láti Moretan ní awakọ̀ tó gbé òun bú èrò ọkọ̀ bí ọ̀mọ̀wé, torí Faransé ló fi bú wọn. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́, ilé yín ṣáà ni wọ́n ti tọ́ mi.

Ṣé ẹ rántí ìpàdé ẹbí ní Datcha? Ọ̀rọ̀ ààlà oko lásánlàsàn, ẹ ó ti ju «par conséquent» sí i, àwọn àgbà á máa mirí, wọn ò sì gbọ́ nǹkan kan. Ewúrẹ́ pàápàá, Faransé lẹ fi ń lé e. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ gbogbo ẹ̀?

Mo sọ fún ọmọ náà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wá bi mí bóyá èèyàn lè fi Ifẹ̀, èdè ilé wa, sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀wé. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló yẹ ká máa sọ níbẹ̀, ọ̀gá sì ti mú bíìrò. Mo pa Gẹ̀ẹ́sì tì. Ifẹ̀ ni mo fi ṣàlàyé bí oòrùn ṣe ń fa omi odò Mono gòkè títí tó fi ń di òjò, mi ò da Faransé kankan pọ̀ mọ́ ọn. Ẹnu mi ò kọ́ rárá. Nígbà tí wọ́n tún kọ àpẹẹrẹ, ó pé. Ọ̀gá tí ò gbọ́ Ifẹ̀ ka ìwé wọn, ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Inú mi dùn, àmọ́ nǹkan kan ń dùn mí. Lórí ibùsùn àìsàn tó gbé yín lọ, Faransé lẹ fi súre fún mi. Mi ò tíì wọ ilé ìwé nígbà náà. Mo ti gbọ́ Faransé báyìí, àmọ́ mi ò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Kí lẹ sọ, Bàbá? Mo ṣáà ṣe àmín.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń jẹ ìre tí ò mọ orúkọ rẹ̀.