Aago Ìsọmọlórúkọ Ọmọ Kábí

Ọjọ́ Àìkú, 22 Oṣù Kẹta 2026
Àsmá'ù ti bímọ. Obìnrin. Kábí àbúrò mi, ọkọ rẹ̀, pè wá láti Leeds — ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà gbé fóònù mọ́ àyà bí ẹni pé ọmọ náà ni wọ́n gbé. (Ìyá mi ni Ọ̀gá Àgbà. Wọn ò mọ̀ pé báyìí ni mo ń pè wọ́n níbí.) Ìsọmọlórúkọ di Àìkú tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Leeds. Orí fídíò la ó ti bá wọn ṣe é.

Ọjọ́ Ajé, 23
Kábí fi fáìlì kàlẹ́ńdà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Mo kó o sórí fóònù Ọ̀gá Àgbà. Aago mẹ́wàá ló gbé jáde. Ó bójú mu — wákàtí kan la fi ṣáájú Leeds.
Ọ̀gá Àgbà ń bínú jẹ́jẹ́. Wọ́n gbọ́ pé ìyá Àsmá'ù, Àlhájà Ọdẹ́da, ti ní orúkọ tiwọn nílẹ̀. "Ta ló ni ọmọ gan-an?"

Ọjọ́rú, 25
A dán ìpè wò. Ó bọ́ sásìkò. Ọ̀gá Àgbà wé gèlè nítorí ọmọ tó ń sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27
Ní ọ́fíìsì wa ní Ìbarà, Theophilus, tí ọmọ rẹ̀ wà ní Manchester, rán mi létí: mọ́jú Àìkú, wọ́n á sún aago síwájú lọ́hùn-ún. Aago tiwọn àti tiwa á dọ́gba.
Mẹ́sàn-án Leeds á di mẹ́sàn-án wa nìyẹn. Fóònù ṣì ń sọ mẹ́wàá. Mo pa á, mo tún un tàn. Mẹ́wàá. Mo yọ fáìlì, mo tún un kó. Mẹ́wàá. Mo wò ó bóyá aago Èkó ni fóònù ń lò — òun náà ni. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Mo ti rí i. Nígbà tí Kábí ń ṣe fáìlì, níbi tó yẹ kó ti yan "London", "GMT" ló yàn. Aago London máa ń yí tí ìgbà ooru wọn bá ń bọ̀. GMT kì í yí. Títí di òní, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò Ọjọ́rú fi yege. Mo pè é. "Àǹtí mi, ẹ má bínú, mi ò tíì sùn dáadáa látìgbà tọ́mọ dé." Ó fi òmíràn ránṣẹ́. Mẹ́sàn-án.

Ó ku Àlhájà Ọdẹ́da. Fáìlì àkọ́kọ́ ló wà lórí fóònù tiwọn náà, ìpè mi ò sì wọlé. Tí wọ́n bá dúró de mẹ́wàá, a ti sọmọ lórúkọ tán. Mo rò ó fún Ọ̀gá Àgbà. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: àwọn nìkan, àwọn àti ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Èmi náà ń lọ."

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró rárá ní Ọdẹ́da. Ọ̀gá Àgbà ní kí Àlhájà káṣọ, kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ wa. Bí a ṣe ń bọ̀, mò ń gbọ́ wọn lẹ́yìn mọ́tò — wọ́n ń jiyàn ìdílé tí ọmọ ti mú imú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 29
Mẹ́sàn-án. Àlùfáà ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Kábí. Àsmá'ù rí ìyá rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ lórí àga kan ṣoṣo, ó bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí ìyá bàbá ọmọ kọ́kọ́ sọ orúkọ. Ọ̀gá Àgbà gbé fóònù sọ́wọ́ Àlhájà.
"Ẹ̀yin lẹ bí ìyá rẹ̀. Ẹ pè é ká gbọ́."
Àlhájà ní, "Fàòsíyà."
Ọ̀gá Àgbà ní, "Ameenah."
Ó ti di ìrọ̀lẹ́. Àlhájà ò sọ pé àwọn fẹ́ lọ sílé, Ọ̀gá Àgbà náà ò bi wọ́n. Mò ń gbọ́ wọn nínú yàrá — Fàòsíyà Ameenah, Ameenah Fàòsíyà — wọ́n ń wo èyí tó dùn jù lẹ́nu.