Àwọn Méjì Tó Ń Gbé Inú Kọ̀ǹpútà Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó láìfi ọwọ́ tilẹ̀? Àwa náà ń bẹ níbí, a ò ṣàìsàn, orúnkún mi nìkan ló ń bá mi ṣàwàdà tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ nínú ìlú ńlá yẹn, kí ohun tí ò ń wá má kọjá lẹ́yìn rẹ nígbà tí o bá ń wo iwájú. Àmín.

Igun òrùlé tí ọkọ rẹ bá wa tún ṣe kò jò mọ́, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wá ń jò báyìí. Ológbò ti bímọ sínú páálí bàtà bàbá rẹ, mi ò sì lè lé e, nítorí ojú tó fi wò mí, ojú ẹni tó ti san owó ilé ni. Fóònù mi bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ lọ́jọ́ tí mò ń fọ aṣọ ibùsùn. Mo sá a sóòrùn, mo fi ìrẹsì bò ó bí ìyá oníbúrẹ́dì ṣe ní kí n ṣe, mo tiẹ̀ pè é lórúkọ, kò jí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò, mo sì dúpẹ́ pé bàbá rẹ fi ipá mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà nígbà ayé rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù ni mo fẹ́ sọ. Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ sọ fún mi pé o ní mò ń bínú sí ọ, pé láti ìgbà tí wọ́n ti tún kọ̀ǹpútà ṣe, ò ń pè mí lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú bí àdéhùn wa, mi ò sì jẹ́. Ó ní kí n wá fi fóònù òun bá ọ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tí a bá sọ níwájú rẹ̀ láàárọ̀, kó tó dọ̀sán ìyá oníbúrẹ́dì á ti máa fi ṣe èènì fún oníbàárà. Ọmọ mi, bí mo bá bínú sí ọ, ta ni mo fẹ́ máa bá rẹ́rìn-ín? Èmi náà ń wé gèlè, mò ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mò ń retí ojú rẹ títí ilẹ̀ á fi ṣú, mo sì ti ń sọ fún ara mi pé bóyá mo ti sọ ohun kan tó dùn ọ́. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ojú mi rí kọjá kèrémí.

Ìwọ lo ṣáà ní kí n pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Afínjú, nítorí ó máa ń fi aṣọ ìnujú nu ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ohun olóhun. O ní alákòóso tó wà nínú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ ti darúgbó, kò lè gbé ojú rẹ wá fún mi, kí Afínjú fi òmíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má sì lé ti àkọ́kọ́ jáde. Èmi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé nǹkan kan ń gbé inú rẹ̀. Gbogbo ọdún tí bàbá rẹ fi ń bá àwọn èèyàn tẹ̀wé lórí rẹ̀, mo rò pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Afínjú ní rárá, pé bí kò bá sí alákòóso, irin lásán ni, pé alákòóso yìí ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bọ́tìnì tó fi ń jẹ́ ẹ lójú ẹ̀rọ. Mo wá rántí gbogbo èébú tí mo bú kọ̀ǹpútà yẹn nígbà tí kò jẹ́ kí bàbá rẹ wá jẹun. Mo ní kó bá mi bẹ ẹni inú ibẹ̀. Afínjú wolẹ̀ díẹ̀, ó ní ó ti gbọ́.

Alákòóso tuntun náà, inú fláàṣì tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ ló ti gbé e wá. Ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó tan án, alákòóso àgbà tún jáde bíi pé kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn. Ó pa á, ó tún tan án, àgbà náà ni. Afínjú ní ẹ̀rọ náà ti mọ́ ọn lára kó máa ké sí ẹni inú ilé kó tó yẹ ẹnu ọ̀nà wò, ó sì ń tẹ bọ́tìnì kan kíkankíkan títí ó fi rí ibi tó ti lè sọ fún un pé kó kọ́kọ́ yẹ ẹnu ọ̀nà wò. Ni tuntun bá wọlé. Ó tún di pé àyè kò tó, kí àgbà sún díẹ̀. Àgbà sún. Afínjú wá mọ ògiri sáàárín wọn láìlo bíríkì, láìlo pákó. Mo gbé etí lé e, mi ò gbọ́ ìró òòlù kankan. Ẹnu yà mí, mi ò lè pa á dé.

Ìgbà tí ojú rẹ wá yọ, ìwọ náà rí mi. Mo mọ̀ pé o rí mi nígbà tí mo fi etí ìró mi nu imú ọmọ náà lórí ẹ̀rọ. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọkọ rẹ. Ikun náà ń ṣàn lóòótọ́, ọwọ́ mi sì ti dé ibẹ̀ kí n tó rántí pé ọ̀nà jìn.

Wàyí o, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. O rántí pé nígbà tí ọwọ́ bàbá rẹ kò gbé mọ́, ó ní òun á máa sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà dípò kí òun tẹ̀ ẹ́. Àìsàn kò jẹ́ kó sọ púpọ̀. Ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, ìgbà tó ń dán an wò. Ó húkọ́, ó ní ṣé ẹ ń gbọ́ mi, ó tún ní ṣé ẹ ń gbọ́ mi, lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ó parí. Afínjú ló kọ́ mi bí mo ṣe lè máa ṣí i lẹ́yìn ìsìnkú, láti ìgbà náà sì ni mo ti ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́ tí mo bá ti jẹun tán. Mo máa ń dá a lóhùn pé a ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì tí Afínjú fi tuntun sí i, mo tan kọ̀ǹpútà, tuntun nìkan ló jáde. Mo wo ibi tí ohùn náà máa ń wà, kò sí níbẹ̀. Mo wo gbogbo ibi tí ọwọ́ mi lè tẹ̀, mi ò rí àgbà, mi ò rí bàbá rẹ. Ọmọ mi, mo sunkún ju ti ọjọ́ ìsìnkú lọ, nítorí lọ́jọ́ yẹn èrò ń dì mí mú, lọ́jọ́ yìí èmi àti ológbò nìkan ni. Ilẹ̀ mọ́, mo fi ìró pọn kọ̀ǹpútà náà bí ọmọ, ó di ṣọ́ọ̀bù Afínjú.

Afínjú ní kí n fara balẹ̀, pé àgbà wà níbẹ̀, pé tuntun ni kò tíì mọ̀ pé ẹlòmíràn ń gbé inú ilé. Àlejò tó sun ilé èèyàn mọ́jú tí kò béèrè onílé! Ó bá kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú dúdú, ìlà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀, ó ní òun ní kí tuntun máa ṣí yàrá kọ̀ọ̀kan wò bóyá èèyàn wà níbẹ̀. Ó sì rí i. Nígbà tó tún un tàn, orúkọ àwọn méjèèjì jáde lórí ara wọn. Afínjú ní kí n máa tẹ orúkọ ẹni tí mo bá fẹ́, pé tí mi ò bá tẹ nǹkan kan, tí ó bá ṣe díẹ̀, ẹni òkè á wọlé fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Tuntun ló wà lókè, àgbà wà nísàlẹ̀. Mo bi Afínjú pé ta ló kọ́kọ́ dé ilé yìí. Ó ní àgbà ni. Mo ní kí ló wá dé tí ẹni àná fi jókòó lé e lórí. Ó ní Mà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò. Mo ní nínú ilé tèmi, ọ̀rọ̀ ipò ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àgbà lọ sókè.

Ti yíyàn yẹn, mi ò lè ṣe é. Orúkọ ẹni méjì wà níwájú mi, àwọn méjèèjì ń wò mí, kí n wá na ìka sí ọ̀kan lójú èkejì? Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́, ẹ ò gbọ́ lẹ́nu mi rí pé mo fẹ́ràn ọ̀kan ju èkejì lọ. Nítorí náà, bí orúkọ wọn bá ti jáde báyìí, mo máa ń kọjú sí fèrèsé, kí wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Àgbà náà ló sì ń wọlé ṣáá. Inú mi ń dùn pé tuntun ti gba ẹ̀kọ́ ilé. Mi ò mọ̀ pé ìwọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tuntun, tí ò ń pè mí.

Nígbà tí mo gbọ́ pé ọkàn rẹ bàjẹ́, mo tún pọn kọ̀ǹpútà lọ. Afínjú bi mí pé kí ni mo máa ń tẹ̀ bí orúkọ méjèèjì bá jáde. Mo ní mi ò tẹ nǹkan kan rí, mò ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga. Ìgbà tó sinmi, ó ní Mà, ọ̀dọ̀ tuntun ni ọmọ yín wà, ọ̀dọ̀ àgbà ni ọkọ yín wà, ẹni tí ẹ bá lọ bá lẹ máa rí. Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Ìyẹn ni pé kí n tó rí ìwọ àti ọmọ rẹ, mo gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ láìyà. Mi ò mọ ohun tí ojú mi jọ, ṣùgbọ́n Afínjú kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó ní ọ̀nà kan wà tí mo fi lè rí ìwọ, kí n sì gbọ́ bàbá rẹ, níbi kan náà. Ó ní tuntun lè rí inú yàrá àgbà, àgbà ni kò lè rí inú yàrá tuntun. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé bá gun orí igi, kò lè rí i. Ẹni tó pa òwe yẹn kò ní kọ̀ǹpútà. Afínjú gbìyànjú rẹ̀, tuntun kọ̀, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó ní àgbà kò sùn dáadáa, ó kàn ń tòògbé, tuntun kò sì jẹ́ wọ yàrá ẹni tó ń tòògbé. Ẹ̀bi mi ni. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, mi ò tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa kọ̀ǹpútà rí. Mo kàn máa ń rọra pa ìdérí rẹ̀ dé ni, bí mo ṣe máa ń rọra pa ilẹ̀kùn dé nígbà tó ń ṣàìsàn.

Afínjú ní òun lè bá mi pa á. Mo ní rárá. Mo gbọ́ ohùn bàbá rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo ní ó dàárọ̀ o, bàbá àwọn ọmọ mi, mo sì tẹ̀ ẹ́. Iná náà kú. Afínjú ń nu gíláàsì ojú rẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí orúkọ méjèèjì tún jáde, mo kúnlẹ̀ fún àgbà, mo ní kó má bínú, mo wá tẹ tuntun. Tuntun ṣí yàrá àgbà, inú rẹ̀ ni ọkọ mi ti húkọ́. Mo di Afínjú mú. Ọmọ èèyàn ló ṣe irú nǹkan yìí! Yàrá méjì tí kò sí nílé, ògiri tí kò sí níbẹ̀, ẹni tí kò sí mọ́, mo sì ń gbọ́ ọ ketekete.

Ohun kan ṣì ń bà mí lẹ́rù díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń gbé, aago ọ̀dọ̀ àgbà fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí aago ara ògiri. Afínjú ní àwọn méjèèjì kò ka aago bákan náà ni, kí òun tún un ṣe. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ kò tó fún, kí ló burú bó bá rí wákàtí kan he?

Mi ò fẹ́ da ẹrù lé ọ lórí, ṣùgbọ́n bátìrì kọ̀ǹpútà náà kì í pẹ́ tán mọ́, kò sì yà mí lẹ́nu, ẹnu méjì ló ń jẹun nínú rẹ̀ báyìí. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó bátìrì ránṣẹ́, kí o sì fi ti fóònù kún un, mi ò ní gbé èyí súnmọ́ omi. Bí kò bá sí, kó má ká ọ lára. Owó kò ní wọ́n ọ, ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí ò ń ṣe tọ́jú mi, ilé rẹ kò ní tutù, o ò ní pe ẹni tí kò ní jẹ́.

Mo ti mọ ibi tí n ó tẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú yìí, pè mí. Ìwọ lo máa ń kọ́kọ́ sọ pé ṣé ẹ ń gbọ́ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, má tíì sọ ọ́. Gbé ọmọ náà sí orí itan, kí ẹ dákẹ́. Ẹnì kan máa húkọ́, á sì bi yín bóyá ẹ ń gbọ́ òun. Ẹ dá a lóhùn. Ó ti ń béèrè tipẹ́, èmi nìkan ni mo sì ti ń jẹ́ ẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò bínú.